Ọṣẹ Àlòkù ní Pósúkọ̀

Ẹni tó ra aṣọ àlòkù, á fọ̀ ọ́, á sá a sóòrùn.
Ẹni tó ra bàtà àlòkù, á nù ún, á kùn ún.
Ẹni tó ra ọṣẹ àlòkù ńkọ́?
Ta ló ń fọ ọṣẹ?

Ohun tí mo ń rò nìyẹn lẹ́yìnkùlé Ìyá Sẹ̀nàmí
nígbà tó gbé àpótí ọkọ rẹ̀ síta:
abẹ méjì, awọ tí a fi ń pọ́n abẹ, dígí tó fọ́ létí,
àti ọṣẹ ìfárí kan nínú èèpo àgbọn.

Ó pẹ́ tí mo ti ń ra ẹrù onígbàjámọ̀,
láti Àjárá títí dé Sẹ̀mẹ̀.
Abẹ kì í purọ́: fi èékánná kàn án, á sọ̀rọ̀.
Ọṣẹ ló máa ń díbọ́n,
á máa dán lókè, inú rẹ̀ á ti kú.

Mo fi ìka kan èèpo náà. Ó dún kó.
Èyí tó bá ti sán a máa dún bí ẹni tó ń húkọ́.
Mo yí ìdí rẹ̀ sókè: àmì ìka mẹ́ta,
ti ìyá ọlọ́ṣẹ etí ọ̀sà,
tí kì í da ọṣẹ sínú ohun tí kò fọwọ́ ara rẹ̀ fọ́,
tó papòdà láìkọ́ ẹnì kankan.
Irú rẹ̀ kò sí mọ́. Mo mọ̀.
N kò jẹ́ kí ojú mi sọ ọ́.

Mo gbé e súnmọ́ imú.
Òróró àgbọn tó bá ti kan, bí ẹja ìjẹta ló ń rùn.
Èyí kò kan. Koríko ọba ṣì ń yọ́ bọ̀ láti ìsàlẹ̀
bí àlejò tó ń tijú láti kanlẹ̀kùn.
Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́: ó ṣagídí díẹ̀, ó gbà.
Eérú funfun tó gbẹ sí i létí, òójò ló fà á;
ìyẹn kì í ṣe àrùn.
Ṣùgbọ́n irun mẹ́ta há sínú rẹ̀, funfun méjì, dúdú kan.
Mo ti lanu láti fi ìyẹn ná an wálẹ̀

kí n tó rí ojú kòtò tí búrọ́ọ̀ṣì gbẹ́.
Gbogbo ọṣẹ tí mo ti rí, ọ̀tún ni wọ́n ń yí sí.
Èyí yí sí òsì.

Zánnù.
Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni mo mọ̀, n kò mọlé rẹ̀ rí.
Zánnù ọlọ́wọ́ òsì, tí àwọn kan kì í gbé orí fún,
wọ́n ní ọwọ́ tí a kì í fi gbowó, a kì í fi í kan orí ọmọ.
Bàbá mi gbé tiẹ̀ fún un.
Lówúrọ̀ tí a sin bàbá mi, ọwọ́ yẹn ló fá tèmi.
Ó tutù. Kò gé mi.

Òfin àlòkù kò le: ha ojú rẹ̀ dànù,
kí ẹni tó ń bọ̀ má fi ara ẹni tó lọ wẹ̀.
Mo yọ ọ̀bẹ. Ìyá Sẹ̀nàmí wo ibòmíràn.
Ó ń ká bọ́ bí èèpo ọsàn.
Irun bá a lọ. Ọ̀nà òsì yẹn náà bá a lọ.
Abẹ́ rẹ̀ funfun bí inú àgbọn tuntun.
Mo kán omi sí i, mo fi búrọ́ọ̀ṣì yí i:
ìfófó rẹ̀ ki, ó jókòó, kò sá.
Kì í ṣe èyí tó hó jù ló dáa,
èyí tó lè dúró de abẹ ni.

Mo kó ohun tí mo ha sínú bébà, mo nà án sí i.
Kò bi mí pé kí ni. Ó gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan,
ó so ó mọ́ etí ìró níbi tí obìnrin ń so owó sí.

Iye tó kọ́kọ́ pè ni mo san.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo fi ọwọ́ òsì gbìyànjú búrọ́ọ̀ṣì.
Omi ọṣẹ ta sí mi lójú.